Baálé Ilé àti Àlejò Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun, kì í sì í ṣe ti ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà nínú ẹ̀sìn wa gbọningbọnin. Ọ̀rọ̀ àlejò ni. Èmi kò sọ ti àlejò inú gbọ̀ngàn ńlá, níbi tí a ti ń háyà alásè àti onílù. Àlejò tí ó kan ilẹ̀kùn ilé wa, tí ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, tí ó sì jókòó sí pálọ̀ wa ni mo ń sọ. Ẹ̀yin ọkùnrin ni mo sì fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú ẹjọ́ tí ó ń dé ọ̀dọ̀ àwa àlùfáà lẹ́yìn Iléyá, lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ àti lẹ́yìn ìgbéyàwó, kò kéré èyí tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àlejò ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àlejò á ti jẹun, á ti dúpẹ́, á ti ṣe àdúrà fún onílé, á sì ti lọ. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ó fi sílẹ̀, ìyàwó kò bá ọkọ sọ̀rọ̀ mọ́, olówó sì ti ń bọ̀ wá sin gbèsè rẹ̀. Àwọn baba wa ti rí èyí tipẹ́tipẹ́ tí wọ́n fi wí pé ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Nítorí náà ìbéèrè mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: Ta ni ó ni iṣẹ́ àlejò nínú ilé? Èló ni ó yẹ kí a ná sí i? Kí sì ni ẹ̀tọ́ onílé lára àlejò?

ÌLÚ ÀLEJÒ NI ÌLÚ WA

Bí ìlú kan bá wà tí kò yẹ kí a máa kọ́ ní àlejò gbígbà, Abẹ́òkúta ni. Àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó gan-an, ẹni tí ogun lé ni wọ́n. Ní ọdún 1830 ni àwọn baba wa dé abẹ́ Olúmọ pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ àwọn ìlú wọn nínú igbó Ẹ̀gbá. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Òwu dé, tí àwọn náà sì rí ilẹ̀ tẹ̀dó sí, tí Ẹ̀gbá Aláké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá àti Òwu fi di ọ̀kan. Kò pẹ́ sí i tí àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti Sierra Leone, àwọn ọmọ wa tí a ti tà sí oko ẹrú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun. Mùsùlùmí wà nínú wọn, Kìrìstẹ́nì sì wà nínú wọn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Wesley, wọ ìlú wa. Ní oṣù Kìíní ọdún 1843 ni Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. tẹ̀ lé e. Ṣódẹkẹ́ kò sí nínú ẹ̀sìn àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ó gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí Townsend àti Samuel Ajayi Crowther dé ní ọdún 1846, Ṣódẹkẹ́ ti kú, síbẹ̀ ọ̀nà tí ó là fún àlejò kò dí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Crowther fi ojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí àwọn olówò ẹrú ti yà wọ́n.

Àlùfáà Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ òótọ́, òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé nígbà tí a bá ń dárúkọ Ṣódẹkẹ́ lórí ọ̀ràn yìí, kò sí ẹni tí ń ka iye àwo tí ó gbé kalẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé àlejò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà ogun, ó sì bá ojú rere pàdé. Orúkọ tí àlejò gbígbà ń fún ènìyàn kì í ti inú ìkòkò wá.

Ẹ̀KỌ́ ÀNÁBÌ IBRAHIM

Nínú Súúrà Adh-Dhariyat, Ọlọ́hun Ọba sọ ìtàn àwọn àlejò Ànábì Ibrahim fún wa. Àwọn onímọ̀ ti wo ìtàn kékeré yẹn, wọ́n sì rí i pé gbogbo òfin àlejò gbígbà ni ó wà nínú rẹ̀.

Èkíní, àwọn àlejò náà sálámà, ó sì dá wọn lóhùn dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ wọ́n rí. Èkejì, ó rọra yọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀. Kò dúró lórí wọn kí ó máa bi wọ́n léèrè pé, Ṣé ẹ ó jẹun? Ṣé kí a se nǹkan? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a bá bi àlejò ọmọlúàbí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, yóò sọ pé òun ti yó, bẹ́ẹ̀ ni ebi ń pa á láti òwúrọ̀. Ẹ̀kẹta, ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni ó fi ṣe é lálejò, ọ̀dọ́ màlúù tí ó sanra, kò sì fi àkókò ṣòfò. Ẹ̀kẹrin, òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé e wá, ó sì gbé e sún mọ́ wọn; kò ní kí wọ́n dìde lọ bá oúnjẹ níbòmíràn. Ẹ̀karùn-ún, ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó fi rọ̀ wọ́n kí wọ́n jẹun, kò pàṣẹ fún wọn.

Nígbà tí wọn kò nawọ́ sí oúnjẹ náà, ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ àbùkù kankan sí wọn. Ìgbà náà ni ó tó mọ̀ pé màláíkà ni wọ́n, àti pé ìròyìn ọmọ ni wọ́n mú wá bá òun àti ìyàwó òun ní ọjọ́ ogbó wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ta ni ìbá jíṣẹ́ náà fún un?

Ẹ wá wo ẹni tí Ibrahim jẹ́. Ànábì ni, àyànfẹ́ Ọlọ́hun ni, àgbàlagbà ni, ó sì ní àwọn ará ilé tí ó lè rán níṣẹ́. Síbẹ̀ òun ni ó dìde, òun ni ó lọ, òun ni ó gbé àwo. Ta ni nínú wa tí ó wá tóbi ju àwo gbígbé lọ?

TA NI Ó NI IṢẸ́ ÀLEJÒ?

A bi Àíṣà, ìyàwó Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), pé kí ni Ànábì máa ń ṣe nínú ilé. Ó dáhùn pé iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó máa ń bá wọn ṣe, bí àkókò ìrun bá sì tó, á jáde lọ kírun. Bí ó ti wà nínú hádíìsì Bukhari nìyẹn. Ẹni tí ayé àti ọ̀run ń pọ́n lé ń ran ìyàwó lọ́wọ́. Ọkùnrin kan tí kò ní ju ṣọ́ọ̀bù kan lọ ń sọ pé kí wọ́n wá bá òun bu omi mu.

Mo mọ ilé kan tí baálé rẹ̀ fẹ́ràn ènìyàn púpọ̀. Bí a bá kírun Iṣáì tán, á kó ọ̀rẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́yìn wálé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ ń tajà ní Ìtòkú. Láti àárọ̀ ni ó ti dúró, ó ti bá oníbàárà nájà, ó ti di ẹrù, ó ti wọ ọkọ̀, ó sì ti wá fún àwọn ọmọ ní oúnjẹ alẹ́. Ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n ní kí ó tún dáná. Bí àwo kò bá tètè dé, ọkọ á pariwo láti pálọ̀, á sì máa bẹ àwọn àlejò pé kí wọ́n má bínú, pé obìnrin òun kò mọ nǹkan í ṣe. Àwọn àlejò gbọ́, ìyàwó náà gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin ará, ta ni ó jẹun náà tí ó dùn lẹ́nu rẹ̀? Ọkùnrin yẹn ń pe ara rẹ̀ ní olùgbàlejò, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ni ó ń gba àlejò, òun ń jókòó sórí iṣẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ baálé ilé kò ṣòro, ẹ jẹ́ kí n kà á. Kí ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ ṣáájú; ní ayé tí fóònù wà lápò gbogbo wa yìí, kò sí àwáwí fún ẹni tí ó kó àlejò bá ìyàwó rẹ̀ lójijì. Kí ó béèrè ohun tí ó wà nílé kí ó tó ṣe ìlérí. Kí ó lọ ra ẹran tàbí ẹja fúnra rẹ̀. Kí ó gbá pálọ̀, kí ó tún àga tò, kí ó wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti balùwẹ̀ bóyá wọ́n mọ́, bóyá omi wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìrẹsì Ọ̀fadà ni a fẹ́ sè, kí ó gbé atẹ́ síwájú, kí ó bá wọn ṣa òkúta inú rẹ̀, nítorí pé òkúta kan ṣoṣo tí ó ká àna ẹni léyín lè ba ọbẹ̀ tí a fi wákàtí mẹ́ta sè jẹ́. Nígbà tí oúnjẹ bá jinná, kí ó gbé e fún àlejò rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó sè é níṣojú àlejò. Bí wọ́n bá jẹun tán, kí ó palẹ̀ àwo mọ́. Ọ̀kan nínú gbogbo èyí kò ní bọ́ fìlà kúrò lórí ọkùnrin.

ÈLÓ NI Ó YẸ KÍ A NÁ?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a pe èmi àti àwọn àgbà méjì láti parí ìjà kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ta adìrẹ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Oníbàárà kan láti Èkó ti san ìdajì owó ọjà fún un, kí ó fi ra aṣọ funfun àti aró, kí ó sì kó aṣọ náà fún un lẹ́yìn Iléyá. Kí ọjọ́ tó pé, àwọn àna rẹ̀ ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá kí i ní ọjọ́ kejì ọdún. Ẹ̀rù bà á pé wọn yóò fojú kékeré wo òun. Ó fi owó oníbàárà ra àgbò kejì, ó háyà àga àti àtíbàbà, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó sì ní kí wọ́n se oúnjẹ ọgbọ̀n ènìyàn. Àwọn àna dé, wọ́n jẹ́ mọ́kànlá. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n yìn ín, wọ́n lọ.

Ní Jímọ́ọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, oníbàárà dé láti Èkó. Aṣọ kò sí, owó kò sí. Ariwo náà dé etí bàbá ìyàwó rẹ̀, òun náà sì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a parí ìjà. Àgbà náà dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ó wí pé, “Ọmọ mi, láfún àti ẹja ni mo ń jẹ nílé mi. Ta ni ó sọ fún ọ pé àgbò ni mo wá kà nílé rẹ?” Kò sí ẹni tí ó lè fèsì. Oṣù méje ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi san owó ọ̀hún díẹ̀díẹ̀. Ó san án tán, ṣùgbọ́n oníbàárà náà kò padà wá mọ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ mi. Owó tí oníbàárà fi sí ọwọ́ yín, ohun ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Owó àjọ tí ó wà lọ́wọ́ yín, ti ẹlẹ́ni ni. Ẹni tí ó fi ohun ẹlẹ́ni ṣe àlejò, kò ṣe sàárà, ó jẹ gbèsè láyé àti lọ́run.

Ẹ̀sìn wa kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ wa. A gbọ́ nípa Salman ará Páṣíà, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, pé nígbà tí àlejò dé bá a, búrẹ́dì àti iyọ̀ ni ó gbé kalẹ̀. Ó sọ fún wọn pé bí kì í bá ṣe pé Ànábì kọ̀ fún àwọn láti máa ni ara lára nítorí àlejò, òun ìbá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú àlejò náà ní ì bá dára bí ewé olóòórùn dídùn kan bá wà tí a lè fi sí iyọ̀ náà. Salman fi ohun èlò àlùwàlá rẹ̀ dógò, ó ra ewé náà wá. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, àlejò náà dúpẹ́ fún Ọlọ́hun tí ó jẹ́ kí ohun tí a fún wọn tẹ́ wọn lọ́rùn. Salman sì dá a lóhùn pé bí ó bá tẹ́ ọ lọ́rùn ni, ohun èlò àlùwàlá mi kì bá tí wà ní ìdógò.

Ìwọ̀n tí Ànábì wa fi lélẹ̀ hàn gbangba nínú hádíìsì: ọ̀sán kan àti òru kan ni ti ìtọ́jú pàtàkì fún àlejò, ọjọ́ mẹ́ta ni àlejò gbígbà, ohun tí ó bá lé lórí rẹ̀, sàárà ni. Ọjọ́ kìíní ni kí o ṣe èyí tí ó ju ti ojoojúmọ́ lọ ní ìwọ̀n agbára rẹ. Ní ọjọ́ kejì àti ẹ̀kẹta, ohun tí ilé ń jẹ ni kí àlejò bá wọn jẹ. Kí ni ó wà nínú láfún tí ojú fi ń ti wa? Ẹ̀gé tí a rẹ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan tí ó fi rọ̀, tí a sá sórí àpáta, tí a lọ̀ kúnná, tí a wá rò pẹ̀lú omi gbígbóná, oúnjẹ tí ó gba sùúrù ni. Ẹni tí ó bá fi láfún gbígbóná àti ewédú síwájú àlejò pẹ̀lú ẹ̀rín ti ṣe é lálejò.

OHUN TÍ ÀLEJÒ MÁLÌ RÍ

Kì í ṣe lónìí ni aáwọ̀ ti ń wà láàárín ohun tí onílé fi sílẹ̀ àti ohun tí àlejò ń retí. Ibn Battuta, ọ̀mọ̀wé ará Tangier ní ilẹ̀ Mòrókò, rìnrìn àjò dé ilẹ̀ Málì ní ọdún 1352. Ní ìlú Walata, wọ́n gbé ọkà tí a gún, tí a pò mọ́ oyin díẹ̀ àti wàrà, síwájú rẹ̀ nínú igbá. Ó béèrè pé ṣé nítorí èyí ni a ṣe pè wá? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, pé àlejò ńlá ni èyí lọ́dọ̀ àwọn. Nígbà tí ó dé olú ìlú, wọ́n sọ fún un pé ẹ̀bùn ọba Mansa Sulayman ń bọ̀. Ó rò pé aṣọ iyì àti owó ni. Búrẹ́dì mẹ́ta, ègé ẹran màlúù tí a fi òrí dín, àti igbá wàrà kan ni ó rí. Ó rẹ́rìn-ín wọn.

Nígbẹ̀yìn, ó lọ ráhùn níwájú ọba, a sì fún un ní ilé àti owó oúnjẹ. Nígbà tí ó ń lọ, a fún un ní wúrà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí òun kan náà wá sọ nípa ilẹ̀ náà lẹ́yìn gbogbo ẹ̀gàn rẹ̀: ó ní ìwà ìrẹ́jẹ kò wọ́pọ̀ níbẹ̀, pé ènìyàn lè rìn láìbẹ̀rù olè, àti pé wọ́n kì í fi ìrun ṣeré. Igbá wàrà tí ó fi rẹ́rìn-ín kò pa á lára rárá. Ó sùn ní àlàáfíà, ó sì dé ilé ní àlàáfíà. Èwo ni ó tóbi jù nínú àlejò gbígbà, àwo oúnjẹ ni tàbí ìfọ̀kànbalẹ̀?

Àwọn oníṣòwò Háúsá mọ ìdáhùn náà dáadáa. Ní Sàbó Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1916, ẹni tí wọ́n ń pè ní mai gida, èyíinì ni onílé, ni ó ń gba oníṣòwò tí ó kó màlúù tàbí tí ó wá ra obì. Á fún un ní ibùsùn àti oúnjẹ, á tọ́jú ẹrù rẹ̀, á wá oníbàárà fún un, á sì dúró fún ẹni tí ó bá ra ọjà láwìn. Nínú owó làáńdà ni onílé ti ń rí èrè tirẹ̀. Òwò ńlá láti òkè ọya dé ilẹ̀ wa dúró lórí pé ilé kan wà tí àlejò lè sùn sí láìfòyà. Ẹni tí ó bá sọ pé àlejò gbígbà kò kan òwò, kò mọ òwò.

BÍ A TI Í ṢE É

Bí àlejò bá dé, dìde fún un. Gba ẹrù ọwọ́ rẹ̀. Fún un ní omi tútù kí o tó béèrè ohun tí ó bá wá. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí tí àkókò ìrun sì ti súnmọ́, fi kẹ́tù àlùwàlá hàn án, tẹ́ ẹní fún un, kí o sì sọ ibi tí a ń kọjú sí fún un. Má jẹ́ kí ó máa wá ojú oòrùn kiri. Bí yóò bá sùn, kí o fi ibi tí yóò gbà jáde lóru hàn án kí iná tó kú.

Nígbà tí o bá jókòó tì í, gbé fóònù rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti wọ ilé tí onílé tan tẹlifíṣọ̀n, tí ó tẹ fóònù, tí ó sì ń sọ “ẹ kú ìjókòó” fún mi láìgbójú sókè. Ìyẹn kò yàtọ̀ sí kí ó má sí nílé. Má ṣe sọ iye tí o ra ẹran. Má ṣe bá ìyàwó tàbí ọmọ jà lójú rẹ̀. Má ṣe sọ àṣírí àlejò àná fún àlejò òní.

Má ṣe fi ẹran ńlá fún ọlọ́kọ̀ kí o sì fi egungun fún ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn wá. Nínú hádíìsì, oúnjẹ wòlímà tí ó burú jù ni èyí tí a pe àwọn olówó sí, tí a sì fi àwọn aláìní sílẹ̀. Bí o bá ní aládùúgbò tí kò ní nǹkan, pè é sí oúnjẹ tí o sè fún àlejò rẹ, kí o sì jẹ́ kí wọ́n jọ jókòó.

Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, agbo ilé tí kò ní Mùsùlùmí àti Kìrìstẹ́nì pa pọ̀ kò wọ́pọ̀. Bí ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ bá jẹ́ àlejò rẹ, fún un ní gbogbo ẹ̀tọ́ àlejò. Ọtí kò ní sí nílé rẹ, o kò sì ní láti tọrọ àforíjì fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n má ṣe wàásù fún un lórí àwo ọbẹ̀. Ìwà rẹ ni yóò wàásù. Bí ó bá sì jẹ́ obìnrin ni ó wá, tí ìyàwó rẹ kò sí nílé, jókòó tì í ní gbangba níwájú ilé tàbí kí o pe àwọn ará ilé mìíràn jókòó, kí ẹ̀yin méjèèjì lè ní orúkọ rere.

Nígbà tí ó bá ń lọ, sìn ín dé ojú ọ̀nà. Dúró títí yóò fi wọ ọkọ̀. Má ṣe ti ilẹ̀kùn gbàgà kí ó tó gbé ẹsẹ̀ méjì.

Ẹ̀TỌ́ ONÍLÉ LÁRA ÀLEJÒ

Àlejò náà ní òfin tirẹ̀. Kí ó sálámà, kí ó tọrọ àyè. Bí ó bá tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí a kò dá a lóhùn, kí ó padà láìbínú. Àlùkùránì kọ́ wa nínú Súúrà An-Nur pé bí a bá ní kí á padà, kí á padà. Nínú Súúrà Al-Ahzab, Ọlọ́hun kìlọ̀ fún àwọn tí ń jókòó pẹ́ sílé Ànábì lẹ́yìn oúnjẹ tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ó ń ni Ànábì lára, ojú sì ń tì í láti lé wọn. Bí ojú bá ti Ànábì, mélòó mélòó ni ti onílé tí yóò jí lọ sọ́jà ní ìdájí?

Kí àlejò jẹ ohun tí a gbé fún un láìṣe ẹnu ṣámúṣámú. Ànábì wa kì í bú oúnjẹ. Kí ó jẹ níwájú ara rẹ̀. Kí ó má ṣe wọ yàrá tí a kò mú un wọ̀. Kí ó má sì ṣe sun ọjọ́ tí yóò kó onílé sínú ìnira, nítorí hádíìsì kọ̀ ọ́ pátápátá. Bí ó bá jáde, kí ó bo ohun tí ó rí.

Kí n tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí a rántí Abu Talha ará Mẹ̀dínà. Ànábì béèrè ẹni tí yóò gba àlejò kan lálẹ́ ọjọ́ náà, òun ni ó sì mú un lọ sílé. Oúnjẹ àwọn ọmọ nìkan ni ó kù. Tọkọtaya náà jọ gbìmọ̀: wọ́n tu àwọn ọmọ sùn, wọ́n pa fìtílà, wọ́n ṣe bí ẹni ń jẹun nínú òkùnkùn, kí àlejò lè jẹ yó láìmọ̀. Ọlọ́hun yin ìwà náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń sọ ìtàn yìí láti fi yin ọkọ, a sì ń gbàgbé pé ìyàwó mọ̀ sí i, òun náà sì gbà. Ọkọ kò pariwo láti pálọ̀. Kò yá owó ẹnikẹ́ni. Ìkòkò kan, fìtílà kan, àti ọkàn méjì tí ó ṣe ọ̀kan ni wọ́n fi gba àlejò náà.

Iléyá ń bọ̀, ìgbéyàwó kò sì ní tán nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Baálé ilé, ka owó rẹ kí o tó ka àlejò, bá ìyàwó rẹ gbìmọ̀ kí o tó pe ẹnikẹ́ni, kí o sì gbé àwo fún àlejò rẹ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ. Kí Ọlọ́hun Ọba fi àlejò rere ṣe ilé wa, kí ó fún wa ní ohun tí a ó fi gbà wọ́n láti inú èyí tí ó mọ́, kí ó má sì jẹ́ kí a san gbèsè lẹ́yìn wọn. Àmín.